Ohùn Tí Wọ́n Fi Sí Vakula Lẹ́nu

Vakula ti ṣí ẹnu dé ìdajì orin náà kó tó mọ̀ pé ohùn tó ń jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kì í ṣe tòun.

Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi pákó àti bébà kàn sínú sítúdíò, aṣọ sárì funfun opó lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí òpó. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù náà kẹ̀yìn síra wọn ní àgbàlá. Wọ́n fẹ́ pín ilé bàbá wọn sí méjì, ìyá wọn sì ń fi orin bẹ̀ wọ́n. Àwọn iná ńlá tó wà lókè ń jó o lágbárí. Ohùn ń bọ̀ láti inú ẹ̀rọ, òun ń mi ètè tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ déédéé, nítorí pé níbi tí òun máa ń mí ni ohùn náà ń mí, níbi tí òun máa ń rọ ọ̀rọ̀ ló ń rọ ọ́. Àfi ìgbà tí orin náà gun òkè, níbi tí ìyá náà ti ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ibẹ̀ ni ohùn Vakula ti sán lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ó sán. Ó ti ń múra sílẹ̀ de ibẹ̀, kó lè gbé ọwọ́ bo ojú díẹ̀, kí àwọn òǹwòran lè rò pé ẹkún ni.

Ohùn náà kò sán. Ó gun òkè náà, ó dúró síbẹ̀, ó mọ́lẹ̀ rekete bí àtùpà tí atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Vakula pa ẹnu dé. Orin ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ dá a dúró," ni Chenchayya wí lẹ́yìn kámẹ́rà. Òun ló ni owó fíìmù náà, òun náà ló ń darí rẹ̀, kì í sì í pariwo mọ́ èèyàn.

Orin dákẹ́. Kò sẹ́ni tó wo Vakula lójú. Àwọn tó ń tọ́jú iná lórí àjà ń wo wáyà, ẹni tó ń lu pátákó ìbẹ̀rẹ̀ ń wo pátákó, àkọ́bí ọmọ rẹ̀ nínú fíìmù ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yé e.

"Ohùn ta nìyẹn?" ó béèrè, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀. Ní gbogbo ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọrin báyẹn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Vakulamma, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀," Chenchayya dáhùn. Ó fi amma, tó túmọ̀ sí ìyá, kún orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi bọ̀wọ̀ fún obìnrin.

Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé bébà náà, ó sì rìn gba àárín wọn kọjá lọ sí yàrá ìmúra. Bó ṣe ń lọ, wọ́n ń yà fún un bí ẹni tó ń yà fún òkú.

Muniyamma, tó ti ń kun àtíkè fún un láti ìgbà tó ti ń ṣe fíìmù, tẹ̀ lé e wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ má fọwọ́ kan ojú o. Àtíkè yẹn á yọ́."

"Ìwọ náà mọ̀."

"Kí ni mo mọ̀? Àtíkè ni mo mọ̀."

"Muniyamma."

Obìnrin náà gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni ò mọ̀, Amma? Ìyá tó ń ta tíì lẹ́nu géètì gan-an mọ̀. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbá létí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́ tù ú nínú. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ṣebí ọmọ ẹ̀ la fi ń rọ́pò."

"Ṣé mo ti kú ni?"

Muniyamma bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìgò àtíkè tò, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wà ní títò tẹ́lẹ̀.

Láti ìlú Tenali ní ilẹ̀ Telugu ni Vakula ti wá, láàárín àwọn tó ń ṣe eré orí ìtàgé, níbi tí ẹni tí kò bá lè kọrin kì í ti í rí ju ẹrù gbé lọ. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí Haimavati àbúrò rẹ̀ kò tíì já lẹ́nu ọmú. Orí ìbàdí ló gbé ọmọ náà sí wá sí Madras, orí ìbàdí náà ló wà nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ orin. Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ, Vakula á jókòó, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan ka ìlù, Haima á máa kọ ọ́. Ohùn Vakula ló ra oúnjẹ wọn, òun ló sọ ọ́ dẹni tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ gàgàrà sára ògiri ilé sinimá, ní ilẹ̀ Telugu àti ní ilẹ̀ Tamil. Àfi bí ibà ńlá kan ṣe dá a wó lákòókò òjò tó kọjá. Ó dìde, ara yá, ṣùgbọ́n òkè ohùn rẹ̀ kò bá a dìde. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀, tó sì sán, ó wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ní ó dáa. Ó gbà wọ́n gbọ́, nítorí ó fẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Chenchayya kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé. Kò jókòó.

"Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́."

"Ẹ wá mọ ẹnu tẹ́ ẹ fi lọ bá àbúrò mi."

"Mo lọ bá a. Èmi náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú èèyàn, èmi lẹ bú." Ó nu ọrùn rẹ̀. "Àwọn tó máa gbé fíìmù yìí lọ sí ilé sinimá gbọ́ orin yẹn. Wọ́n ní kí n pààrọ̀. Kì í ṣe orin o, Vakulamma. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ yín. Mo ní mi ò lè rí ìyá míì. Mo ní màá wá nǹkan ṣe sí orin."

"Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni?"

"Ẹ má dúpẹ́. Ẹ kàn wá ṣe é. Ilé yẹn, ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá a. Ilé-iṣẹ́ míì ti gba ibẹ̀, àwọn káfíńtà wọn ti jókòó síta pẹ̀lú òòlù. Tá ò bá yà á lónìí, ní èdè Telugu àti ní èdè Tamil, a ò ní òpin fíìmù nìyẹn."

Nígbà tí Chenchayya jáde, Vakula mú aṣọ, ó rẹ ẹ́ sínú òróró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu àtíkè kúrò lójú. Ó ti nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán nígbà tí Haima dé.

Oúnjẹ ọ̀sán ló gbé wá bó ṣe máa ń gbé e wá, nínú abọ́ onípele: ìrẹsì, ọbẹ̀ támáríńdì àti wàrà dídì. Ó fi òdòdó jásímínì sí irun. Ó rí i pé Muniyamma kọjá lára òun láìkí òun, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kun àtíkè lápá kan tí kò kun apá kejì, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Akka," ó pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Wọlé."

"Ẹ ti gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ níwájú gbogbo ayé, tí mo ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹja."

Haima gbé abọ́ sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Ọ̀gá ní àwọn á ti sọ fún yín kó tó di òní."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe orí ẹní kan náà la jọ ń sùn?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Níta, ẹnì kan ń fi òòlù kan nǹkan wẹ́wẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń ṣe, ó kàn ń dúró ni.

"Wọ́n ní nítorí tèmi ni," Vakula sọ. "Wọ́n ní bí o ò bá kọ ọ́, wọ́n á lé mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un yẹn. Kí Haima sáà wọlé, kó sunkún díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ," Haima dáhùn. "Ṣùgbọ́n tí n bá ní ìyẹn nìkan ni, irọ́ ni mo pa fún yín. Ó wù mí, Akka. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Ìgbà tí wọ́n gbé máìkù síwájú mi, mi ò rántí yín rárá."

Ọwọ́ Vakula ti gbéra kó tó rí i. Inú burúkú làgbà ń ní, àgbà kì í ní ojú burúkú. Ó fi ọwọ́ náà mú aṣọ, ó sì ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀.

"O kọ ọ́ bí èmi. Gbogbo ibi tí mò ń mí lo ti mí."

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí ẹ̀yin, kí àwọn èèyàn má bàa fura. Ti Telugu nìyẹn."

"Ti Tamil ńkọ́?"

"Ti Tamil, wọn ò sọ bí mo ṣe máa kọ ọ́."

Vakula dìde. "Màá lọ sílé. Kí wọ́n wá ẹni tó máa ya ẹnu fún wọn."

Haima dúró dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò pa á rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi tiyín sí i. Màá sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lo tèmi mọ́. Màá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn."

"Wàá sọ ọ́?"

"Màá sọ ọ́."

Ó sì sọ ọ́. Ó dúró láàárín sítúdíò lábẹ́ iná, ọmọbìnrin tín-ín-rín tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí ju ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá lọ, ó ní bí wọn kò bá kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n má ṣe lo tòun. Chenchayya wo Vakula. Vakula kò wò ó. Ó kàn sọ pé, "Ẹ fi tèmi sí i, kí n gbọ́."

Olùdarí mi orí sí ẹni tó ń tọ́jú ohùn.

Nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, ara Vakula rọ̀. Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Ó kún, ó pọ́n, ó nípọn bí oyin inú igbó. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, tọmọ yẹn kò tó o. Ó rí i tí ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí àjà ń mi orí. Ó rí i tí Muniyamma fi etí sárì bo ẹnu. Ó ń rò ó pé bóyá ńṣe lòun kàn ń dá ara òun lẹ́bi, bóyá kò sán tó bí òun ṣe rò.

Orin bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Vakula di òpó mú.

Ó sán bí ìkòkò gbígbóná tí wọ́n da omi tútù sí. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ lọ dé òpin, ohùn náà kò fọkàn tán ara rẹ̀ mọ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí ilẹ̀ yíyọ̀, tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá inú orin náà kò bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀fun ara rẹ̀ ló ń bẹ̀.

Orin parí. Haima dúró níbi tó wà, ó ń wo ilẹ̀, kò sì sí ayọ̀ kankan lójú rẹ̀. Ká ní ó wà, Vakula ì bá ti rí nǹkan dì mú.

"Ẹ fi ti ọmọ yẹn sí i," ni Vakula wí.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Muniyamma, wá tún ojú mi ṣe."

Ti Telugu kò gbà wọ́n ní àsìkò. Ètè Vakula tẹ̀ lé ohùn náà bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀nà ilé ẹni lókùnkùn. Ó gbé ọwọ́ sókè níbi tó yẹ, ó sunkún níbi tó yẹ. Chenchayya ní ó dáa, wọn kò tilẹ̀ tún un yà. Vakula mọ̀ pé ó dáa. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pààrọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn méjì míì tí wọ́n jẹ́ ará Tamil wá dúró síbi tí àwọn ti Telugu dúró, nínú ilé kan náà, lábẹ́ iná kan náà. Ìyá nìkan ni wọn kò pààrọ̀.

Orin bẹ̀rẹ̀, Vakula sì sọnù sínú rẹ̀.

Orin kan náà ni, ọ̀nà ibẹ̀ ló yàtọ̀. Haima gbé àárín ọjà Madras dàgbà, láàárín àwọn ọmọ olódòdó. Tamil ni èdè tó fi ń bá wọn jà, òun ló sì fi ń bá wọn ṣeré. Tamil ti Vakula, àwọn èèyàn máa ń ní ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ìrẹsì kún ẹnu rẹ̀. Níbi tí Vakula retí pé kí ohùn náà sáré, ó fara balẹ̀. Níbi tó retí pé kó sinmi, ó ti kọjá lọ. Kò mí níbi tí òun máa ń mí. Àárín ọ̀rọ̀ ló ń mí, bí ẹni tí ẹkún ká mọ́ ibi tí kò rò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ètè Vakula pẹ́ lẹ́yìn, ó sáré lé e bá, ó kọjá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un yà."

Wọ́n tún un yà. Wọ́n tún un yà. Ooru mú débi pé àtíkè ń ṣàn wọ inú ọrùn rẹ̀. Àwọn káfíńtà ti kúrò níta, wọ́n ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń wo ilé náà bí ẹyẹ igún.

"Ìyá wa tún ti ń jẹ ìrẹsì," ni ẹni tó ń ṣe àbúrò nínú àwọn ọmọ náà rọra sọ fún ìkejì rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú. Vakula gbọ́. Tamil rẹ̀ tó èyí tó lè gbọ́ ìyẹn.

Chenchayya wá bá a, ó rọra sọ̀rọ̀. "Vakulamma, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ jẹ́ ká yà á láti ẹ̀yìn yín. Ẹ kọjú sínú ilé, a ò ní rí ẹnu yín. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ìyá ń bẹ àwọn ọmọ ẹ̀, ẹ wá ní kó kẹ̀yìn sí wọn?"

"Kí la máa wá ṣe?"

Vakula wo àárín àwọn èèyàn títí ó fi rí àbúrò rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti mú ẹsẹ̀ kan síta bí ẹni tó fẹ́ máa lọ kó má bàa tún dá kún un.

"Haima. Wá."

Ó wá.

"Dúró síbí, lẹ́bàá kámẹ́rà. Tí orin bá bẹ̀rẹ̀, máa ṣí ẹnu rẹ bí o ṣe ṣí i lọ́jọ́ yẹn. Má jẹ́ kí ohùn jáde. Ibi tí o bá mí sí, mí kí n rí i." Gbogbo sítúdíò ń gbọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́. "Kọ́ mi."

Haima ṣí ẹnu bí ẹni tó fẹ́ kọ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa á dé. Ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí.

Iná tàn. Pátákó lù. Orin bẹ̀rẹ̀.

Vakula kò wo àwọn ọmọ inú fíìmù mọ́. Kò gbọ́ ara rẹ̀, kò sì ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀. Ojú kan ló ń wò nínú òkùnkùn lẹ́yìn iná. Ó rí i bí ẹnu náà ṣe ń ká ọ̀rọ̀ Tamil náà, ó ká a bẹ́ẹ̀. Ó rí i bó ṣe gba afẹ́fẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Orin ń gun òkè, wọ́n jọ ń gùn ún, níbẹ̀ ló sì ti rí i: ẹ̀rù yọ lójú ọmọbìnrin náà, iwájú orí rẹ̀ ká jọ, ó fi ọwọ́ kan di ìkejì mú, bí ẹni tó ń gba orí igi kan ṣoṣo sọdá odò tó kún. Ohùn tó ń tàn nínú ẹ̀rọ, tí kò mì, tí kò sán, ojú tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Kó tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà ilé bébà náà. Wọn kò sọ pé kó na ọwọ́.

Orin parí.

"A ti rí i," ni Chenchayya wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Èmi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí ojú yẹn mú wá, Vakulamma. Ti Telugu ò rí bẹ́ẹ̀."

Wọ́n pa iná. Àwọn káfíńtà wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Vakula jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà síbẹ̀. Haima wá jókòó tì í. Bébà tí wọ́n kùn bí ògiri ń ya lẹ́yìn wọn.

"Ṣé mo ṣì yín lọ́nà níbì kankan?" Haima béèrè.

"Rárá." Vakula yíjú sí i. "Ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Níbo?"

"Òkè yẹn."

"Gbogbo ìgbà. Láti kékeré."

"O ò sọ fún mi rí."

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni." Ọmọbìnrin náà ń yọ òdòdó tó ti rọ kúrò nínú irun rẹ̀. "Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ẹ máa ń dijú tí mo bá ń kọrin."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń dijú. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń gbọ́ orin dáadáa: kó dijú, kó máa lu itan, kó máa ṣọ́ àṣìṣe. Gbogbo àárọ̀ tó fi ń kọ́ ọ yẹn ló gbọ́ tí ọmọ náà gun òkè bí ewúrẹ́ ṣe ń gun ògiri, tó rò pé kò ni í lára. Òun alára, ọjọ́ kan kò kọjá lórí ìtàgé tí àyà rẹ̀ kì í já bí òkè yẹn bá ti ń sún mọ́lé, àní nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì le koko. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó rò pé òun nìkan ni.

Àwọn káfíńtà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde, àwọn fẹ́ yọ ilẹ̀kùn. Vakula na ọwọ́, Haima fà á dìde.